Bí A Ṣe Fi Ajá Bú Ara Wa Nígbà Tí Wọ́n Ti Bodè

Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n fi ti bodè, bóyá èmi nìkan ni mo wà ní Ìlaròó tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣí i. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí àlùfáà kì í gbàdúrà kí Ọlọ́run tọ́ ọkàn àwọn aláṣẹ, kí ọ̀nà Ìdírókò là, kí mọ́tò máa lọ kó máa bọ̀. Gbogbo ìjọ á ké àmín bí ẹni tí ń lé ẹyẹ lóko. Èmi á ya ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn kì í jáde. Ṣe ni mo máa ń fọwọ́ di gèlè mi mú bí ẹni pé ó fẹ́ tú, títí àdúrà yóò fi kọjá.

Ajá ọmọ mi ló fà á. Bàbá onílé wa ti sọ ọ́ kedere níwájú ẹlẹ́rìí pé ọjọ́ tí bodè bá ṣí ni àna òun tó wà ní Pobè, lódìkejì bodè, yóò wá mú ajá náà lọ sí oko rẹ̀ lọ́hùn-ún. Kó tó di ọjọ́ náà, a lè máa tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí gbogbo ìlú ń fi ààwẹ̀ bẹ Ọlọ́run fún, òun gan-an ni yóò gba ajá lọ́wọ́ ọmọ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ọmọ tó jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ ajá lásán ni. Aránṣọ ni mí. Iṣẹ́ mi ti kọ́ mi pé kí n wọn nǹkan dáadáa kí n tó gé e, nítorí aṣọ tí a bá gé kúrú kò ṣeé fà gùn. Bí mo ṣe ń ṣe aṣọ ni mo ṣe ọmọ. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bí, obìnrin, mi ò sì fi í ṣeré. Kì í gun igi. Kì í sáré lórí ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí. Kì í jẹ ohun tí mi ò mọ ẹni tó sè é. Ó máa ń wọ súẹ́tà lọ sílé ìwé nígbà ọyẹ́, ó sì máa ń wọ̀ ọ́ nígbà tí ọyẹ́ ò tíì ronú àtidé. Nígbà tó fi dé kíláàsì kẹrin, ó lè ka gbogbo ohun tó lè pa ènìyàn láàárín ilé wa àti ilé ìwé fún yín láìṣìnà: kòtò, ọ̀kadà, wáyà iná, ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo máa ń fi í yangàn. Ohun tí mi ò fọkàn sí ni pé kò fẹ́ jáde mọ́. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ṣeré lójúde, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á fọwọ́ lẹ́rán, á máa wò wọ́n bí ìyá àgbà.

Ajá ló gbé e dìde. Ọkọ mi, tó ń ṣe tíṣà níhà Ìmẹ̀kọ, ló gbé e bọ̀ láti ọwọ́ ọdẹ kan ní Ìlárá, nínú àpò tó fi ń kó ìwé. Kò tíì ju ìkúùkù lọ nígbà náà. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n ti bodè, tí wọn ò jẹ́ kí àwọn ilé epo tó súnmọ́ bodè ta epo bẹntiróòlù mọ́. Ìgbà tí ọkọ mi bá rí epo rà ló ń wálé, ọ̀rọ̀ ajá sì di tèmi. Mo tọ́ ọ bí mo ṣe tọ́ ọmọ. Mi ò jẹ́ kó yọ imú sí ìta, nítorí eégbọn, nítorí dìgbòlugi, nítorí àwọn ajá ìgboro tí a ò mọ ilé tí wọ́n ti wá. Ọmọ mi ń bá a sáré yí kànga ká, ó ń ṣubú, ó ń dìde, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo dúró tì wọ́n pẹ̀lú ìgò dẹ́tọ̀ọ̀lù.

Nígbà tí ajá dàgbà, ọmọ ní òun fẹ́ kó máa sin òun lọ sílé ìwé. Ó ní bí ajá bá tẹ̀ lé òun, òun ò ní bẹ̀rù nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo so okùn mọ́ ajá lọ́rùn, mo ṣí géètì, a jáde.

Ajá mìíràn kan ń bọ̀ níwájú, ó ń lọ sí ibi tí ó ń lọ, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ajá tiwa dúró gan-an bí igi. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ dìde láti ọrùn dé ìrù. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, ó ń fò sókè nínú okùn, itọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ha. Ajá kejì wò ó, bí ènìyàn ṣe ń wo ọ̀mùtí, ó sì kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì. Nígbà tó kọjá tán ni ajá wa sá sẹ́yìn ẹsẹ̀ ọmọ mi, ó tọ̀ sára. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́jọ́ kẹta. Ewúrẹ́ kọjá, kò sọ nǹkan kan. Ọ̀kadà kọjá, kò wò ó. Ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni kò fẹ́ rí.

Ní àsìkò kan náà, ìjà wà láàárín èmi àti aládùúgbò tó kọjú sí wa. Ẹ̀gbọ́n kan ni, ọlọ́kadà. Kó tó di pé wọ́n ti bodè, ó ń gbé èrò lọ sí Ìdógò àti Ajílété. Nígbà tí wọ́n tì í, kò gbé èrò mọ́, àmọ́ ọ̀kadà rẹ̀ ń jáde, ó sì ń wúwo bọ̀. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń gbé. Gbogbo wa la máa ń bú fàyàwọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa náà la mọ ìrẹsì tí kò ní òkúta nínú bí a bá fi í sẹ́nu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn aṣọ́bodè ya wọ ilé rẹ̀, wọ́n kó ìrẹsì tó wà níbẹ̀ lọ. Kò tíì tó ọ̀sán tí ìròyìn fi tàn káàkiri pé ẹnì kan ló lọ sọ. Ta ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí ilé ẹ̀gbọ́n? Èmi náà ni. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ṣe ni wọ́n kàn ń kí mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó pọ̀ jù.

Ẹ̀gbọ́n náà kò bi mí. Òun náà ní ajá. Ní ilẹ̀ wa, a kì í fi orúkọ ajá ṣòfò. Orúkọ ọmọ ni a fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúkọ ajá ni a fi ń sọ fún aládùúgbò ohun tí a ò lè sọ lójú rẹ̀. Ajá rẹ̀ ti darúgbó, ó ń tiro, kò ní eyín tó pọ̀. Ó ti ní orúkọ tẹ́lẹ̀, àmọ́ orúkọ náà ti gbó, nítorí ẹni tí wọ́n fi í bú ti kó kúrò ládùúgbò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kó ìrẹsì rẹ̀, ẹ̀gbọ́n jáde síwájú ilé, ó kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ó sì pe ajá náà wá jẹun: Ibi-Ọpẹ́-Ló-Mọ.

Ọmọdé Yorùbá kankan kò nílò kí wọ́n parí òwe yẹn fún òun. Olófòófó kò gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ló mọ. Ajá ò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Ẹ̀gbọ́n pè é títí tí ajá fi mọ̀, tí gbogbo àdúgbò sì mọ̀.

Mo wọlé, mo ronú, mo sì jáde. Ajá tiwa kò tíì ní orúkọ ju Ajá lọ. Mo so okùn mọ́ ọn, mo mú un dúró síwájú ilé, mo sì sọ ọ́ lórúkọ pẹ̀lú ohùn tí wọ́n lè gbọ́ dé ibùdókọ̀: Ọwọ́-Mi-Mọ́. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹ̀gbọ́n bá ti pe tirẹ̀ láàárọ̀, èmi náà á pe tèmi. Okùn á le lọ́wọ́ mi bí wáyà. Ajá á máa wo ojú mi, á tún máa wo arúgbó ajá tó wà lódìkejì, tó ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

Ìwòsàn pọ̀ ládùúgbò wa ju àìsàn lọ. Ẹnì kan ní kí n fi àlùbọ́sà ra á nímú. Ẹlòmíràn ní kí n ti ajá wa àti ajá mìíràn mọ́ inú yàrá kan, pé ìjà ní í mú ọ̀rẹ́ wá. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀ síra wọn láti ọdún ìkórè tó kọjá. Èmi ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu lójú tèmi. Ìjọba ti bodè, èmi náà ti tèmi. Mo ra páànù, mo fi dí ọgbà wa yíká, kí ajá má lè rí ajá kankan. Nígbà tí kò lè rí wọn mọ́, ó ń gbọ́ wọn. Bí èékánná bá ha lójú títì, á fò mọ́ páànù, páànù á dún bí ààrá, àwọn ajá tó ń kọjá á sì dúró láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn ajá ń kọjá ni. Lẹ́yìn tí mo ti bodè tán, wọ́n ń wá. Wọ́n tilẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀ lábẹ́ páànù. Mo mọ̀ pé àwọn aláṣẹ tiwa náà rí irú rẹ̀, àmọ́ wọn ò bi mí.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́ ni ọjọ́ tí bàbá onílé gba àlejò. Àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi, ó dìde láti sin wọ́n sọ́nà, fìlà rẹ̀ gẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bó ṣe yẹ. Ọmọ mi ń mú ajá bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ajá kan yọ létí títì. Ajá wa yí ká, okùn yí ká bàbá onílé lẹ́sẹ̀, ó tún yí ká, bàbá onílé sì jókòó sínú gọ́tà níwájú gbogbo ìbátan rẹ̀. Fìlà ló kọ́kọ́ débẹ̀. Wọ́n gbé e dìde, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Pobè yẹn, ó sì ní kí àwọn àlejò jẹ́rìí sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ mi kò jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó bi mí ìgbà tí bodè yóò ṣí. Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní rédíò ní àwọn aláṣẹ ti ń gbé e yẹ̀ wò. Ọmọ kíláàsì kẹrin ń fetí sí ìròyìn bí olóṣèlú.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni dókítà ẹran wá sí àdúgbò láti gún àwọn ajá lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni, tó ń jẹ gúgúrú bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mi ò fo ìlà kan. Ó ní kí n mú okùn bí mo ṣe máa ń mú un, kí òun wò ó. Mo mú un. Ajá kan gbó lọ́ọ̀ọ́kán, okùn sì le.

Ó wo ọwọ́ mi. "Màmá, ta lẹ fi okùn yẹn so? Ajá ni àbí ẹ̀yin?"

Ó ní ajá mi kì í ṣe oníjà, ẹ̀rù ló ń bà á; kò bá ajá gbé rí, kò sì mọ èdè wọn. Gbogbo ìgbà tí ajá bá yọ, ó ń gbọ́ láti inú okùn pé ewu ń bọ̀. Ó ní kí n wá ajá kan tí kì í bínú, tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí àwọn méjèèjì máa rìn lọ sí ibì kan náà, kí wọ́n jìnnà síra wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má wo ojú ara wọn; díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n máa súnmọ́. Mo bi í níbo ni mo ti fẹ́ rí irú ajá bẹ́ẹ̀. Ó yí ojú ká àdúgbò, ó sì na ìka sí arúgbó ajá kan tó sùn sáàárín títì, tí ọ̀kadà ń yà fún.

Ọjọ́ méjì ni mo fi wá ajá mìíràn. Kò sí.

Mo bá ẹ̀gbọ́n níwájú ilé, ó tú ọ̀kadà rẹ̀ palẹ̀, kò sí epo tí yóò fi gùn ún. Mo kí i kú iṣẹ́. Kò gbójú sókè.

"Ìyá Aránṣọ. Ṣé ẹ wá wò ó bóyá ìrẹsì kù ni?"

"Ajá yín ni mo wá tọrọ, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ló ṣe? Kò léyín mọ́ o, ẹ má sọ fún mi pé ó gé yín jẹ."

Mo ṣàlàyé. Ó gbọ́ dé ibi tí èmi àti òun yóò ti máa mú ajá rìn lọ́nà Ìdógò, ó sì gbé sípánà sílẹ̀ kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó bi mí bóyá a ó dé fìlà òyìnbó sí i. Mo ní nítorí ọmọ ni. Ó wo òdìkejì títì, níbi tí ọmọ mi jókòó sí, tó di ajá rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tí wọ́n ti ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọmọ yẹn máa ń kí mi," ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kì í kí mi."

"Ẹ̀yin lẹ pè mí ní olófòófó."

"Ajá mi ni mo sọ lórúkọ. Ta ló ní kí ẹ jẹ́ ẹ?"

Ó gbé sípánà rẹ̀ padà, ó sì ní kí a bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la kí oòrùn tó mú.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí dókítà ṣe sọ̀rọ̀ tó, òun kọ́ ló bí ajá, òun kọ́ ló bí ọmọ. Mo wọn ajá wa láti ọrùn dé ìbàdí, mo sì rán ẹ̀wù kan fún un, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì, mo rọ òwú sáàárín rẹ̀ kí eyín má baà dé ara rẹ̀. Iṣẹ́ náà dára. Mi ò tíì rí ajá tí aṣọ bá mu bẹ́ẹ̀.

Báyìí la ṣe jáde: ẹ̀gbọ́n àti arúgbó ajá rẹ̀ ní apá òsì títì, èmi àti ọmọ mi àti ajá tó wọ ẹ̀wù ní apá ọ̀tún. Ní Ìlaròó, ẹni tó bá fi okùn mú ajá lójú títì, ọdẹ ni, tàbí ó ń lọ tà á. Obìnrin kan bi wá bóyá àwa méjèèjì la ń tà á pọ̀, kó lè mọ ẹni tí yóò ná ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣòro wa kì í ṣe ìyẹn. Ìṣòro wa ni pé a ò lè pe ajá. Bí arúgbó ajá bá dúró gbóòórùn koríko, ẹ̀gbọ́n á la ẹnu, á rántí pé mo wà níbẹ̀, á sì pa á dé. Bí tèmi bá fẹ́ yà bàrá, mo mọ ohun tó yẹ kí n ké, kò sì ṣeé ké. Ó ń súfèé, mo ń ṣe ṣíọ̀ ṣíọ̀, a ń lọ bí ẹni tí ń lé adìyẹ.

Ṣùgbọ́n ó ń rí bí dókítà ṣe sọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ajá wa gbó títí tó fi rẹ̀ ẹ́. Arúgbó ajá ò wò ó rárá. Nígbà tó ṣe, a ti súnmọ́ ààrin títì, gbígbó ti di ìkùnsínú. Ọmọ mi ló ń sáré níwájú, ó ń bọ̀ wá sọ fún wa bí ọ̀nà ṣe rí. Kò wọ súẹ́tà. Mi ò sọ nǹkan kan.

Àdúgbò ti rí ìtumọ̀ tiwọn sí i. Wọ́n ní aránṣọ àti ẹ̀gbọ́n ti parí ìjà, wọ́n ti dòwò pọ̀, ìdí nìyẹn tí ajá fi wọ ẹ̀wù. Ìrẹsì ló wà nínú ẹ̀wù. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa tó fi dé etí àwọn tó yẹ kó dé.

Ibi tí àwọn aṣọ́bodè ti máa ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà ni wọ́n ti dá wa dúró. Ọ̀gá wọn, àgbàlagbà kan tí ohùn rẹ̀ dún bíi ti ará Ọ̀yọ́, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ ibòòji. Ó wo ẹ̀gbọ́n, ó mọ̀ ọ́n. Ó wo ajá mi, ó wo bí ikùn rẹ̀ ṣe tóbi nínú ẹ̀wù. Ó ní kí n bọ́ ọ. Mo bọ́ ọ. Ó tẹ̀ ẹ́, kò gbà á gbọ́. Ó ní kí n tú ojú ìrán rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, pé kó fọwọ́ kàn án nìkan, àmọ́ ó na abẹ sí mi. Mo fún ọmọ mi ní okùn mú, ẹ̀gbọ́n sì ju okùn tirẹ̀ sílẹ̀ kó lè bá mi di aṣọ náà mú. Mo tú u fọ́nrán fọ́nrán. Òwú bọ́ sílẹ̀, atẹ́gùn gbé e lọ sínú koríko.

Ọ̀gá wo òwú náà títí. Ó yẹ kó bi ènìyàn ní nǹkan, nítorí náà ó bèèrè orúkọ àwọn ajá.

Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ọwọ́-Mi-Mọ́, sà."

"Ọwọ́ ta ló mọ́?"

"Ajá ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà."

Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀run bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀, ó sì sọ tirẹ̀. Èjìká ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ta wá ni olófòófó náà?" ó ní.

Ojú ẹ̀gbọ́n rìn dé ọ̀dọ̀ mi kó tó rántí dá a padà.

"Ìyá yìí? A ò rí ìyá yìí rí. Adìyẹ la tẹ̀ lé, ọkùnrin. Àpò ìrẹsì yín jò láti etí igbó dé ẹnu ilẹ̀kùn. Adìyẹ tò gbọọrọ, wọ́n ń ṣà á jẹ, a sì ń bá wọn lọ."

Ẹ̀gbọ́n dúró. Ó jọ pé ó ń rí wọn bí wọ́n ṣe tò. "Adìyẹ ta ni, sà?"

"Èmi ò mọ̀. Nígbà tí a wọlé, wọ́n wọlé pẹ̀lú wa, wọ́n sì fò sórí àgò wọn."

Ibẹ̀ la wà nígbà tí ọmọ mi fọwọ́ kàn mí nídìí ìró. "Màmá, ẹ má pariwo," ó ní wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ wò wọ́n."

Ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Okùn méjèèjì wà nílẹ̀. Lábẹ́ bẹ́ǹṣì ọ̀gá, níbi tí ibòòji pọ̀ sí, arúgbó ajá ti na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tiro, ó ti sùn. Ajá wa, láìsí ẹ̀wù lára rẹ̀, na imú, ó gbóòórùn etí rẹ̀, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kò kánjú. Mo fẹ́ kígbe. Mo fẹ́ fò mú okùn. Ẹ̀gbọ́n ló fọwọ́ dì mí lápá. Ajá wa yí ara rẹ̀ ká, ó sì dùbúlẹ̀ ti arúgbó, ẹ̀yìn kan ẹ̀yìn. Ọ̀gá ò lè gbẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ́, kó má baà jí wọn. Ọkọ̀ mélòó kan kọjá láìsẹ́ni tó dá wọn dúró.

Nígbà tí a délé, mo tú páànù kúrò lára ọgbà. Bàbá onílé jáde wá wò ó. Ó rí ajá méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọmọ mi láàárín wọn, àwọn ọmọ àdúgbò yí i ká. Kò sọ pé òun yí ọ̀rọ̀ òun padà. Àgbà tó bá ti pe ẹlẹ́rìí kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ó kàn ní àna òun ti ránṣẹ́ pé òun ti rí ajá mìíràn. Bí iṣẹ́ náà ṣe kọjá bodè tí wọ́n tì, mi ò bi í.

A ò lè pààrọ̀ orúkọ àwọn ajá náà, wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀gbọ́n bá ké Ibi-Ọpẹ́-Ló-Mọ láàárọ̀, mo máa ń dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ pé a dúpẹ́. Bí èmi bá ké tèmi, á ní àwọn ti gbọ́, kí n lọ fọ ẹsẹ̀. Ayálégbé tuntun kan ti bẹ̀ wá pé kí a jẹ́ kí àwọn àgbà bá wa parí ìjà náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àlùfáà gbàdúrà bodè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo yọ ọwọ́ kúrò lára gèlè mi, mo sì ké àmín kan tó mú kí àlùfáà dúró díẹ̀ kó tó lọ sórí àdúrà mìíràn. Ìyá tó wà níwájú mi yíjú padà, ó wò mí tàánútàánú. Ó fọwọ́ bò mí lórúnkún, ó ní kí n mú sùúrù, pé láìpẹ́ ìrẹsì á tún pọ̀.